Ìtàn iṣẹ́ ogun Ark Royal (1938 sí 1941): ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó gbé e jáde

Akọ̀wé Kékeré
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí. Mo fẹ́ kọ ìtàn iṣẹ́ Ark Royal ní èdè Yorùbá, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbé bàálù nígbà ogun Hítílà. Mo ti to ọjọ́ àti ibi tó lọ sínú tábìlì, àmọ́ ohun mẹ́ta ń dà mí láàmú. Èkíní, àwọn ìwé ò fẹnu kò lórí ohun tí ọkọ̀ yìí "kọ́kọ́" ṣe. Èkejì, ọ̀rọ̀ Bismarck, ọkọ̀ ogun Jámánì: ìgbà mélòó làwọn bàálù rẹ̀ lọ, kí ló sì ṣẹlẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan? Ẹ̀kẹta, báwo ni tọ̀pídò (bọ́ǹbù tó ń sáré lábẹ́ omi) ẹyọ kan ṣe mú ọkọ̀ tó tó báyẹn rì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Kọ́ńpáàsì
Àbúrò, kó o tó fọwọ́ kan tábìlì yẹn, yanjú orúkọ ná. Ọkọ̀ márùn-ún ló ti jẹ́ Ark Royal. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti ayé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, òun ló bá àwọn ará Sípéènì jà ní 1588. Ìkejì wọṣẹ́ ní 1914, bàálù tó ń bà sójú omi ló ń gbé, ó sì dé Gallipoli. Ní 1934 wọ́n yí orúkọ ìyẹn padà sí Pegasus kí orúkọ lè ṣófo fún tuntun. Tìrẹ ni ìkẹta, nọ́ńbà rẹ̀ ni 91. Ìkẹrin (R09) wọṣẹ́ ní 1955, ìkarùn-ún (R07) ní 1985. Àwòrán àwọn méjì ìkẹyìn yìí ló máa ń kọ́kọ́ yọ síni tá a bá wá orúkọ náà lórí ayélujára. Tó o bá rí bàálù jẹ́ẹ̀tì lórí dẹ́ẹ̀kì, àwòrán yẹn kì í ṣe tìrẹ, jù ú nù.

Egungun ọkọ̀ náà nìyí. Iléeṣẹ́ Cammell Laird ló kàn án ní Birkenhead, òdìkejì odò Mersey sí Liverpool. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 16 September 1935, wọ́n tì í sómi ní 13 April 1937, ó wọṣẹ́ ní 16 December 1938. Àdéhùn tí àwọn ìjọba ńlá ṣe lórí ọkọ̀ ogun ló jẹ́ kí wọ́n há a mọ́ 22,000 tọ́ọ̀nù. Tó bá gbé epo àti ẹrù kún, ó lé ní 27,000. Bọ́ílà 6, tọ́báìnì 3, agbára ẹṣin 102,000, eré rẹ̀ sún mọ́ nọ́ọ̀tì 31 (máìlì òkun 31 ní wákàtí kan). Ìbọn ńlá 16 tí ẹnu wọn jẹ́ ínṣì 4.5, méjì-méjì lórí ìjókòó 8.

Dẹ́ẹ̀kì rẹ̀ gùn tó 800 ẹsẹ̀ bàtà, ó sì fi 118 ẹsẹ̀ bàtà yọ kọjá igi ìdí ọkọ̀. Ìdí ni pé ibi tí wọ́n ti ń fa omi gbẹ láti tún ọkọ̀ ṣe ní Gibraltar àti Malta kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fi èyí sínú ìwé rẹ, ó ń là á yé òǹkàwé ìdí tí iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ náà fi rí bí ewé tó gbé jáde.

Ohun kan tún wà tí wọ́n máa ń ṣì: irin líle tó ń dáàbò bo ọkọ̀ yìí kò sí lórí dẹ́ẹ̀kì tí bàálù ń bà lé. Ìsàlẹ̀ ló wà, ínṣì 3.5 lórí yàrá ẹ̀rọ àti ibi ìkó ohun ìjà sí, pẹ̀lú ínṣì 4.5 lẹ́gbẹ̀ẹ́. Illustrious, ọkọ̀ mìíràn tó ń gbé bàálù, àti àwọn àbúrò rẹ̀ ló ní dẹ́ẹ̀kì onírin líle. Ẹni tó bá kọ ọ́ fún Ark Royal ti gbé ẹ̀wù ẹlòmíì wọ̀ ọ́.

Ìyá Àkọsílẹ̀
Kí n fi ọ̀rọ̀ èdè kún un. Pè é ní ọkọ̀ agbébàálù, ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó o má sì tún yí i padà mọ́. Submarine ni ọkọ̀ abẹ́ omi. Destroyer (èyí tó kéré tó ń sáré) àti battleship (èyí tó tóbi tó ní ìbọn ńlá), fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá pe méjèèjì ní "ọkọ̀ ogun" yóò dàrú nígbà tó bá dé ọjọ́ tí ọkọ̀ rì. Ohun tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ lẹ́yìn ni ìtọ́kọ̀, ó wà nínú Bíbélì, àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n. Ọ̀tún àti òsì ọkọ̀ sì jẹ́ ti ẹni tó kọjú síwájú ọkọ̀, má gbàgbé láti sọ ọ́.

Iye bàálù: má kọ 72 lásán. Iye tí wọ́n yà á fún lórí bébà nìyẹn. Ohun tó ń gbé lóòótọ́ jẹ́ 50 sí 60.

Ọmọ Etíkun
Lórí "àkọ́kọ́", mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

14 September 1939. Ọkọ̀ abẹ́ omi U-39 yin tọ̀pídò sí Ark Royal, kò bà á. Àwọn destroyer tó ń sìn ín, Faulknor, Foxhound àti Firedrake, ló rì U-39. Ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì àkọ́kọ́ tó rì nínú ogun náà nìyẹn, ṣùgbọ́n má kọ pé Ark Royal ló rì í. Lọ́jọ́ kan náà, bàálù Skua mẹ́ta gbéra láti ran ọkọ̀ ẹrù Fanad Head lọ́wọ́, èyí tí U-30 ká mọ́. Méjì nínú wọn sọ bọ́ǹbù láti ibi tó sún mọ́ omi jù, ìbúgbàù bọ́ǹbù tiwọn fúnra wọn ló já wọn lulẹ̀, U-30 sì kó àwọn awakọ̀ wọn. Ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, U-29 rì ọkọ̀ agbébàálù Courageous lẹ́nu iṣẹ́ kan náà, ó lé ní 500 èèyàn tó kú. Látìgbà náà ni wọ́n ti dáwọ́ dúró láti máa fi ọkọ̀ agbébàálù ńlá dọdẹ ọkọ̀ abẹ́ omi.

26 September 1939. Skua láti Ark Royal já bàálù Jámánì Dornier Do 18 kan lulẹ̀. Ibi yìí gan-an ni àwọn ìwé ti ń jà. Àwọn kan kọ pé òun ni bàálù Jámánì àkọ́kọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì já lulẹ̀. Àmọ́ bàálù Battle kan ti àwọn ọmọ ogun òfuurufú ti sọ pé òun já ọ̀kan lulẹ̀ ní 20 September lágbègbè Aachen. Kọ ọ́ pé òun ni àkọ́kọ́ fún àwọn bàálù ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, kò sẹ́ni tó máa bá ọ jà.

Ọjọ́ 26 yẹn kan náà ni bàálù Jámánì Ju 88 kan sọ bọ́ǹbù ńlá sí Ark Royal, ó já sómi nítòsí. Awakọ̀ náà, Francke, kò sọ pé òun rì í, ṣùgbọ́n rédíò Jámánì ti gbé e jáde pé Ark Royal ti rì, wọ́n sì ń tún un sọ lemọ́lemọ́: "Ark Royal dà?" Tó o bá ń to tábìlì, má jẹ́ kí ìkéde Jámánì kankan wọlé bí ẹ̀rí.

10 April 1940, ọkọ̀ ogun Jámánì Königsberg ní Bergen, Norway. Àwọn Skua ẹgbẹ́ 800 àti 803 ló rì í, ẹgbẹ́ Ark Royal sì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n Hatston ní erékùṣù Orkney ni wọ́n ti gbéra lọ́jọ́ náà, orí ilẹ̀. Mẹditaréníà ni ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wà. Èyí ni àṣìṣe tó pọ̀ jù tí mo ń rí nínú àkójọ iṣẹ́ ọkọ̀ yìí. Ya ìlà ẹgbẹ́ bàálù sọ́tọ̀ kúrò lára ìlà ọkọ̀ nínú tábìlì rẹ, wàhálà á dín kù.

13 June 1940, Trondheim. Skua 15 lọ bá ọkọ̀ ogun Jámánì Scharnhorst, 8 kò padà. Bọ́ǹbù kan bà á, kò bú. Ìdí tó fi burú tó bẹ́ẹ̀ ò ṣòroó rí: òru kì í ṣú ní apá àríwá lóṣù June, nítorí náà kò sí òkùnkùn tí wọ́n lè sá sí, bàálù Beaufort tó ṣáájú wọn kọlu pápá òfuurufú ibẹ̀ ti jí àwọn bàálù oníjà Jámánì, Messerschmitt, sílẹ̀, Skua fúnra rẹ̀ sì lọ́ra. Ó dára láti fi ju bọ́ǹbù látòkè, kò dára láti fi bá bàálù oníjà jà.

Jagunlabí
Má fo Freetown o. October 1939, Ark Royal àti ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì Renown para pọ̀ di ikọ̀ Force K, Freetown ni wọ́n ti ń lọ dọdẹ ọkọ̀ ogun Jámánì Admiral Graf Spee ní gúúsù Àtìláńtíìkì. (Ìlú àwọn Àkú, ìran Yorùbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú. Tó o bá fẹ́ kí òǹkàwé wa mọ ibi tó wà, fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́.) Nígbà tí Graf Spee rọ mọ́ èbúté Montevideo ní December, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tan ìròyìn ká pé Ark Royal àti Renown ti dé ẹnu odò. Wọ́n ṣì jìnnà. Ọ̀gá Graf Spee gbà á gbọ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rì ọkọ̀ rẹ̀ ní 17 December. Torí náà Ark Royal kópa níbẹ̀ láì yìnbọn, láì débẹ̀.

June 1940 ló wọ ikọ̀ Force H ní Gibraltar, lábẹ́ ọ̀gágun ojú omi Somerville. Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ bá pàdé níbẹ̀ ni ti Mers-el-Kébir, èbúté ọkọ̀ ogun Faransé ní Algeria, 3 July. Àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan pè é ní Oran. Ẹ̀gbẹ́ Oran ni Mers-el-Kébir wà, iṣẹ́ kan náà ni, má sọ ọ́ di méjì. Ọ̀gá Ark Royal nígbà náà, Holland, gbọ́ Faransé dáadáa, òun ni wọ́n rán lọ bá Gensoul, ọ̀gágun ojú omi Faransé, sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ lọ́wọ́ ni bàálù Swordfish ń da máìnì sí ẹnu èbúté. Ọ̀rọ̀ forí ṣánpọ́n, àwọn ọkọ̀ yìnbọn, Faransé tó kú sún mọ́ 1,300. Ọkọ̀ Faransé Strasbourg bọ́ lọ, Swordfish lé e, wọn ò bà á. Ní 6 July wọ́n padà wá kọlu Dunkerque, ọkọ̀ Faransé mìíràn. Tọ̀pídò ò tiẹ̀ bà á tààrà o. Ọkọ̀ kékeré Terre-Neuve tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló bà, bọ́ǹbù abẹ́ omi tí ìyẹn kó bú, òun ló ya Dunkerque nínú.

Dakar, 23 sí 25 September 1940. Bàálù kékeré méjì gbé àwọn ikọ̀ de Gaulle láti orí Ark Royal lọ bà ní Ouakam; wọ́n mú wọn lójú ẹsẹ̀. Kùrukùru bojú àwọn abọn, ọkọ̀ abẹ́ omi Faransé Bévéziers fi tọ̀pídò ba ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Resolution, wọ́n sì yí padà. Kọ ọ́ pé ó kùnà, má wá ọ̀rọ̀ dídùn fún un.

Ìkìlọ̀ fún àwa ará Nàìjíríà: àwọn bàálù Hurricane tó gba Takoradi kọjá sí Èkó, Kano, Maiduguri títí dé Khartoum àti Cairo, ọkọ̀ agbébàálù Argus àti Furious ló ń kó irú wọn wá sí Takoradi. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi í sí Ark Royal lọ́rùn. Ọ̀nà Malta ni ti Ark Royal.

Ọ̀nà Malta yìí náà sì ní ìṣòro tiẹ̀. Hurricane lè gbéra lórí dẹ́ẹ̀kì, kò lè padà bà síbẹ̀. Tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn. Nítorí náà gbogbo ìṣirò wà lórí ibi tí ọkọ̀ bá dé kó tó tú wọn sílẹ̀. Ní 17 November 1940, Argus ló tú Hurricane 12 sílẹ̀, Ark Royal wà níbẹ̀ tó ń dáàbò bò ó. Nítorí ẹ̀rù àwọn ọkọ̀ Ítálì, wọ́n tú wọn láti ibi tó jìnnà, nǹkan bí máìlì 400. Atẹ́gùn yí padà kọjú sí wọn lójú ọ̀nà. Mẹ́rin péré ló dé Malta. Epo tán fún mẹ́jọ yòókù lórí òkun. Láti ìgbà náà ni wọn ò fojú tín-ín-rín atẹ́gùn mọ́. Ní 1941, Ark Royal fúnra rẹ̀ ló wá ń tú wọn, lọ́pọ̀ ìgbà pẹ̀lú Furious, ó sì ń lọ dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n Kọ́ńpáàsì
Jagunlabí, o fo Sardinia. 2 February 1941, Swordfish 8 lọ fi tọ̀pídò kọlu ìdídò Tirso. Kò já mọ́ nǹkan kan. Ọjọ́ 9, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń yìnbọn sí Genoa, bàálù Ark Royal ju bọ́ǹbù sí Livorno, wọ́n da máìnì sí La Spezia. Ní March, bàálù Fulmar kan rí àwọn ọkọ̀ Jámánì Scharnhorst àti Gneisenau lójú òkun, rédíò rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó di dandan kó fò padà wá fi ẹnu sọ. Kí wọ́n tó mọ ohun tó kàn, àwọn méjèèjì ti wọ èbúté Brest ní ilẹ̀ Faransé.

Akọ̀wé Kékeré
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ya ìlà ẹgbẹ́ bàálù sọ́tọ̀, Königsberg ti kúrò. Bismarck wá ńkọ́?

Jagunlabí
Ìgbà méjì ni, ọjọ́ kan náà, 26 May 1941. Ó ti lé ní wákàtí 30 tí Bismarck ti sọnù mọ́ wọn lójú, kí bàálù Catalina kan tó gbéra láti Lough Erne ní Northern Ireland tó rí i láàárọ̀. Brest ló ń lọ. Àwọn battleship Gẹ̀ẹ́sì King George V àti Rodney wà lẹ́yìn, epo wọn ń tán lọ. Tílẹ̀ bá fi mọ́, Bismarck á ti wọ abẹ́ ààbò bàálù Jámánì. Ark Royal nìkan ló wà níbi tó ti lè dá a dúró.

Ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀sán. Swordfish 14 gbéra. Wọ́n ti rán ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Sheffield síwájú láti máa ṣọ́ Bismarck, ìsọfúnni yẹn kò sì tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀. Wọ́n rí ọkọ̀ ńlá kan nínú kùrukùru, wọ́n ya bò ó: Sheffield ni. Ohun tó yọ ọ́ ni pé orí tọ̀pídò wọn jẹ́ onímágínẹ́ẹ̀tì, tó yẹ kó bú nígbà tó bá kọjá lábẹ́ ikùn ọkọ̀. Ìgbì òkun lágbára, òmíràn bú bó ṣe kan omi. Sheffield yẹ àwọn yòókù, kò sì yìnbọn padà.

Àṣìṣe yẹn ló ṣiṣẹ́ fún wọn. Nígbà kejì wọ́n pààrọ̀ orí tọ̀pídò sí èyí tó ń bú tó bá kan ara ọkọ̀. Wọ́n sì sọ fún àwọn awakọ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá Sheffield rí, kó júwe ọ̀nà. Swordfish 15 gbéra ní aago 7:10 ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìn dẹ́ẹ̀kì ń lọ sókè sódò ju 50 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Láàárín nǹkan bí aago 8:47 sí 9:25 alẹ́ ni wọ́n kọlu Bismarck. Tọ̀pídò tó dájú pé ó bà á jẹ́ méjì. Àwọn kan ní mẹ́ta. Ọ̀kan kan irin líle ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò ṣe púpọ̀. Èkejì bà á lẹ́yìn, ìtọ́kọ̀ há ní digrí 12 sí òsì, kò ṣeé yí padà mọ́. Bismarck ń yípo, ó sì ń forí lé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lé e. Kò sí Swordfish kankan tí ìbọn Bismarck já lulẹ̀. Ó rì láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Nǹkan méjì láti yẹra fún. Má kọ pé Ark Royal rì Bismarck. Má sì da èyí pọ̀ mọ́ àwọn Swordfish ti ọkọ̀ agbébàálù Victorious, tí wọ́n ti fi tọ̀pídò bà á lóru 24 May láì ṣe é ní nǹkan púpọ̀.

Ìyá Àkọsílẹ̀
Ẹ jẹ́ kó ṣàlàyé Swordfish náà fún àwọn tí kò rí i rí: apá méjì lókè ara wọn, aṣọ ni wọ́n fi bò ó, èèyàn mẹ́ta nínú rẹ̀, tọ̀pídò kan lábẹ́ ikùn. Eré rẹ̀ ò tó máìlì 140 ní wákàtí kan. Bí òǹkàwé kò bá mọ bó ṣe lọ́ra tó, kò ní mọ ohun tí wọ́n ṣe.

Bàbá Ẹ̀rọ
Ìbéèrè kẹta ni mo ń dúró dè. Tọ̀pídò ẹyọ kan ló bà á, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́rìnlá àti ààbọ̀ ló lò kó tó rì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí yẹn ni ìtàn.

Tò ó báyìí. 12 November 1941, Ark Royal àti Argus tú Hurricane 37 lọ sí Malta, 34 dé. Wọ́n ń padà sí Gibraltar. Ọjọ́ 13, ẹni tó ń gbọ́ ìró abẹ́ omi nínú destroyer Legion gbọ́ ohun kan ní ìṣẹ́jú bíi kan ṣáájú, ó rò pé ẹ̀rọ destroyer tó wà nítòsí ni. Aago 3:41 ọ̀sán, tọ̀pídò U-81, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì tí Guggenberger ń darí, ba apá ọ̀tún lágbedeméjì, nísàlẹ̀ ilé ọ̀gákọ̀. Ihò tó lù gùn tó 130 ẹsẹ̀ bàtà, fífẹ̀ rẹ̀ 30. Omi wọ yàrá bọ́ílà ọ̀tún, pátákó iná mànàmáná àgbà, àti àwọn táǹkì epo. Iná kú ní ìdajì ẹ̀yìn ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àléébù àkọ́kọ́: ọ̀gákọ̀ Maund pàṣẹ kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró, tẹlifóònù inú ọkọ̀ ti kú. Ó di kó rán èèyàn sáré lọ sísàlẹ̀. Kí onítọ̀hún tó débẹ̀, ọkọ̀ ṣì ń sáré lọ, omi ń fa etí ihò ya sí i. Láàárín ìṣẹ́jú 20, ọkọ̀ ti fì sí ọ̀tún ní digrí 18.

Àléébù kejì: Maund pè gbogbo èèyàn sókè, Legion sún mọ́ ọn, wọ́n ń kó wọn. Àwọn tó ń sá sókè ò ti ilẹ̀kùn àti ọmọrí àárín àjà. Ìṣẹ́jú 49 kọjá lẹ́yìn tí tọ̀pídò bà á kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dídá omi dúró bó ṣe yẹ.

Àléébù kẹta ni ti ẹni tó ya àwòrán ọkọ̀ náà. Tẹ̀ lé mi díẹ̀díẹ̀. Gbogbo jẹnẹrétọ̀ ọkọ̀ yìí, ooru omi gbígbóná láti inú bọ́ílà ló ń yí wọn. Kò sí ẹyọ kan tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì. Tí bọ́ílà bá kú, iná kú. Tí iná bá kú, pọ́ǹpù kú. Tí pọ́ǹpù bá kú, omi á máa pọ̀, á sì pa bọ́ílà tó kù. Ọ̀nà tí èéfín gbà jáde láti inú àwọn bọ́ílà tún wà nísàlẹ̀ jù. Bí ọkọ̀ ṣe fì, omi dí i, iná kò sì lè jó láìsí ibi tí èéfín máa gbà.

Wọ́n gbìyànjú o. Somerville dá àwọn ọmọṣẹ́ padà sínú rẹ̀, destroyer Laforey sún mọ́ ọn láti fún un ní iná àti pọ́ǹpù, wọ́n tan bọ́ílà kan padà. Aago 8 alẹ́, ọkọ̀ afàkọ̀ Thames dé láti Gibraltar, ó so okùn mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ rò pé ó ti bọ́. Ṣùgbọ́n yàrá kan wà lókè àwọn yàrá bọ́ílà, níbi tí àwọn fáànù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ síná wà. Yàrá yìí la ìbú ọkọ̀ já láti ọ̀tún dé òsì, kò sí ògiri tó pín in. Nígbà tí omi dé ibẹ̀, ọ̀nà là fún un dé gbogbo bọ́ílà. Wọ́n ní láti pa èyí tí wọ́n tàn. Aago 4 òru, ó ti fì dé digrí 27, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn jáde. Aago 6:19 òwúrọ̀ 14 November, ó dojú dé, ó kán sí méjì, ó rì.

Ìyá Àkọsílẹ̀
Bàbá Ẹ̀rọ, ẹ le mọ́ Maund jù. Kíá ni Courageous rì, ó lé ní 500 tó kú. Glorious, ọkọ̀ agbébàálù mìíràn, rì ní June 1940, òun àti destroyer méjì, ó lé ní 1,500. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí ìyẹn, tó rí digrí 18 láàárín ogún ìṣẹ́jú, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Èèyàn kan péré ló kú nínú Ark Royal.

Bàbá Ẹ̀rọ
Ìyá, mo gbà pé kíkó èèyàn jáde dára. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ dídí ihò kò yẹ kí wọ́n bá àwọn yòókù gòkè. Ohun tí ilé ẹjọ́ ológun sọ nìyẹn ní February 1942. Ẹ̀sùn méjì ni wọ́n dá a lẹ́bi lé: pé kò rí i dájú pé àwọn tó ń dí ihò, tó ń dín ìbàjẹ́ kù, dúró nínú ọkọ̀, àti pé kò mú ọkọ̀ wà ní ìmúrasílẹ̀ de irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì gbà pé ìtọ́jú èèyàn rẹ̀ ló ká a lára.

Ìgbìmọ̀ Bucknill ló gbé ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yẹ̀ wò. Wọ́n fi àìsí orísun iná míì ṣe àbùkù ńlá, pẹ̀lú yàrá tó la ìbú já àti ọ̀nà èéfín. Àwọn ọkọ̀ ẹ̀yà Illustrious àti Implacable rí àtúnṣe gbà nítorí ẹ̀. Tèmi ni pé, ká ní jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì méjì wà lórí àjà òkè lápá òsì, ẹjọ́ Maund ì bá má wáyé rárá. Ìyá lè ta kò mí.

Ìyá Àkọsílẹ̀
Mi ò ta kò yín lórí dísẹ́ẹ̀lì.

Ọmọ Etíkun
Kẹ́ ẹ má gbàgbé òkun náà. Tí ó bá jẹ́ pé ìgbì ọjọ́ Bismarck ló wà lọ́jọ́ yẹn, Legion kò ní lè sún mọ́ ọn kó èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún. Omi dákẹ́ díẹ̀ ló jẹ́ kó ṣeé ṣe.

Akọ̀wé Kékeré
Ó ti yé mi wàyí. Ohun tó kù: nínú tábìlì mi, ìwé kan ní 1,487 ló là, òmíràn ní 1,488 ló wà nínú ọkọ̀. Èwo ni kí n mú? Àti ibi tó rì, ṣé mo lè kọ "lójú Gibraltar"?

Ẹ̀gbọ́n Kọ́ńpáàsì
Méjèèjì bára mu. 1,488 ló wà nínú rẹ̀, Edward Mitchell, atukọ̀, ni ìbúgbàù pa, 1,487 yòókù dé Gibraltar. Kọ orúkọ rẹ̀, má kàn kọ "ẹnì kan".

Má kọ "lójú Gibraltar". Nǹkan bíi máìlì òkun 30 sí ibẹ̀ ni. December 2002 ni wọ́n tó rí òkú ọkọ̀ náà, nígbà tí iléeṣẹ́ C&C Technologies ń wá a fún ètò kan tí BBC ń ṣe. Ó wà nísàlẹ̀ nǹkan bíi mítà 1,000, ní ègé ńlá méjì gẹ́gẹ́ bí àwọn tó wò ó nígbà tó ń rì ṣe sọ. Tún nọ́ńbà ìlà tó gbẹ̀yìn ṣe, kó o gbé tábìlì náà wá síbí ká tún fojú kàn án.